Àpótí Tó Gbé Ilẹ̀kùn Mì

Ẹni tó bá ní ẹ̀mí kì í gbé inú irin, ẹ ní kó wá jókòó tì mí. Kó mú àga tirẹ̀ wá, kó sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà, nítorí láti ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, n kì í jókòó síbi tí n kò ti ní rí ìta.

Ọkọ mi ló dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀ kó tó lọ sinmi. Ìwé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò oògùn ni wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀, èyí tó ń sọ fún aláìsàn bí yóò ṣe lò ó. Àkọ́bí mi ló gba ipò bàbá rẹ̀, gbogbo ènìyàn ń pè é ní Ọ̀gá. Ọmọ tirẹ̀ obìnrin, tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, ló kàwé kọ̀ǹpútà. A sọ ọ́ ní Kòsínǹkan, nítorí bí ilé bá ń jó, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Màmá, kò sí nǹkan."

Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Bàbá Oníwáyà là ń pè é. Láti ayé ọkọ mi ló ti ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ náà, àwọn tí wọ́n ń pè ní sáfà. Ọ̀kan ń gbé fóònù, ọ̀kan ń pa àwòrán gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ rí mọ́, ọ̀kan ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó bá fi káàdì kàn án. Olúkúlùkù ní àpótí tirẹ̀ àti igun tirẹ̀. Bàbá máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ tó ń bẹ ọ̀kan pé, "Ìwọ arúgbó yìí, jọ̀ọ́, má ṣe mí báyìí láàárọ̀ Mọ́ńdè."

Kòsínǹkan dé, ó yẹ wọ́n wò, ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń jẹ iná lásán ni.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká ra sáfà kan ṣoṣo tó lágbára. Inú ẹ̀ la máa kó gbogbo àwọn tó kù sí."

"Báwo lo ṣe fẹ́ kó àpótí sínú àpótí?"

"Mi ò kó àpótí o. Ohun tó wà nínú wọn ni mo fẹ́ kó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á ṣì máa rò pé òun nìkan lòun wà láyè òun. Kò ní mọ̀ pé òun ò lára mọ́. Ohun táwọn ilé iṣẹ́ kékeré bíi tiwa ń ṣe báyìí nìyẹn."

Èmi tí mo jókòó sí kọ̀rọ̀ dá sí i. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ̀mí lo fẹ́ kó yẹn, o sì fẹ́ ju ara nù. Ṣé o ti bi wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, kò sí nǹkan."

Bàbá Oníwáyà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ká wáyà mọ́ apá. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni Kòsínǹkan ṣe kó wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kó èyí tó ń gbé fóònù. Ó kó èyí tó ń darí ẹ̀rọ amúlétutù. Èyí tó mọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, tó ń jẹ́rìí pé ẹni tó fẹ́ lo kọ̀ǹpútà ni ẹni tó pe ara rẹ̀, ó kó o. Níkẹyìn, ó kó èyí tó ń ṣí ilẹ̀kùn, títí kan ilẹ̀kùn irin yàrá tí àpótí náà fúnra rẹ̀ wà. Bàbá rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

*

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu Bàbá Oníwáyà ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Wọ́n kó ara àwọn sáfà àtijọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kí àwọn onípáànù wá kó wọn. Òjò ń pa wọ́n. Bàbá bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó fi bò wọ́n, òjò sì pa òun lọ sílé. Wọ́n ní kó máa wá ka agolo íǹkì. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì ń bá a ṣàwàdà: "Bàbá Oníwáyà, wáyà dà?" Á bá wọn rẹ́rìn-ín. Á wá lọ sí ilé ìgbẹ́, á ṣí omi ẹ̀rọ kó máa dà, kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Ẹnìkan sọ̀rọ̀ obìnrin kan fún un, aránṣọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn àwọn tó ń jó irin pọ̀. Ó lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀, òwú kò sí lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Aṣọ kò sí lára ògiri. Obìnrin náà kò gbójú sókè.

"Kí lo fẹ́? Kó kú ni?"

"Háà! Rárá o, ìyá. Ọmọ ọ̀gá mi ni. Kó kàn má rọ́nà lọ ni. Kí gbogbo ẹ̀ dì mọ́ ọn lọ́wọ́, kí wọ́n lè rí i pé…"

"Pé ìwọ ni wọ́n nílò."

Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò.

"Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá síbí, ohun kan náà lẹ̀ ń wá. Ẹ kì í kàn dárúkọ ẹ̀. Gbé ohun tó o mú wá kalẹ̀."

Ìborùn Kòsínǹkan ni, tó jí lórí àga rẹ̀. Aránṣọ fi òróró dúdú kan pa á, ó ká a mọ́ apá àgádágodo, ó ní kí Bàbá pe orúkọ ọmọ náà, kó sì tẹ̀ ẹ́ pa. Ó tẹ̀ ẹ́. Bàbá ní ìró tí òun gbọ́ kì í ṣe ti àgádágodo. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ńlá kan tì níbi tí òun kò rí.

"Ju kọ́kọ́rọ́ sí omi tó ń ṣàn," aránṣọ ní. "Àgádágodo, fi sí ibi tó o bá mọ̀ pé ó súnmọ́ ọn. Ọjọ́ tó bá máa mú un, má ṣe wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ẹ̀ o. Àgádágodo kì í wojú ẹni."

*

Ohun ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jẹ́. Síìpù aṣọ Kòsínǹkan há, àfìgbà tí a fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kò pẹ́ sí i, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wa tì í mọ́lé, ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ láti ọjọ́ tí a ti kọ́lé. Èjìká ni bàbá rẹ̀ fi já a.

Lẹ́yìn náà ni fóònù rẹ̀ kọ ìka rẹ̀. Ó gbé àtàǹpàkò lé e, fóònù ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó nu ọwọ́, ó fọ ọwọ́, fóònù ní òun kò mọ̀ ọ́n.

"Màmá, ẹ wò ó, ó ń bá mi ṣeré."

Mo gbà á. Mo fi ìka tèmi kàn án, ìka arúgbó tí kò fi fóònù náà ṣe ohunkóhun rí. Ó ṣí.

A wo ara wa. Lọ́jọ́ yẹn, kò sọ pé kò sí nǹkan.

Ìyẹn tún kéré. Ẹyẹ kékeré kan wọ yàrá rẹ̀. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ ń gbé kọ́tìnì. Ẹyẹ náà ń fi orí gbá ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, títí ó fi já lulẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí eyín Kòsínǹkan há pọ̀, tí mo fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀, mo mọ̀ pé eré ti parí.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe kí ọwọ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ti rí i rí. Obìnrin á máa rọbí, ọ̀nà á ti ṣí, orí ọmọ á wà níbẹ̀, ọmọ kò ní bọ́. Ẹni tí wọ́n bá dì, mo mọ ojú rẹ̀.

*

Ìyálé mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ nílé kejì, á béèrè ẹni tó ń ránṣọ. Nígbà tí ọkọ wa wà láyé, a bá ara wa jà dáadáa. Nígbà tó kú, a rí i pé kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ wá tó bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó, ẹsẹ̀ rẹ wúwo lónìí. Ta ló kú?"

"Kò tíì sẹ́ni tó kú, ìyálé mi."

"Tíì. Ó dáa, jókòó."

Mo gbé aṣọ Kòsínǹkan lé e lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ tọ etí rẹ̀, ó fi imú gbóòórùn rẹ̀, ó sì yí ojú kúrò bí ẹni tí èéfín bá lójú.

"Wọ́n dì í. Irin ni wọ́n fi dì í. N ò lè tú u. Ẹni tó dì í ló lè fi ẹnu ara rẹ̀ tú u."

"Ta ni?"

"Ká ní mo mọ̀ ọ́n, ṣé wàá ṣì jókòó síwájú mi? Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n má jẹ́ kó jìnnà. Ibi tó bá ti mú ọmọ náà, kó mú òun náà níbẹ̀."

"Ṣé kò léwu?"

"Ó léwu. Kí ọmọ há lóun nìkan, tàbí kó há pẹ̀lú ẹni tó lè tú u, èwo lo fẹ́?"

Mo mọ èyí tí mo fẹ́. Mo sì mọ̀ pé kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì. Ó fa òwú kan yọ lára aṣọ náà, ó ká a mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sọ ọ́:

"Ìgbín kì í rìn kó fi ìkarahun sílẹ̀.
Òjìji kì í kọ ẹni tó ni ín.
Ìdí kì í jókòó kí ẹsẹ̀ ó máa lọ.
Ìwọ tó o so ó, níbi tó bá so sí,
wá, wá, má lè ṣàìwá."

Fìtílà kò sí nínú yàrá náà, nítorí kò wúlò fún un. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ohun kan ṣókùnkùn sí i.

*

Bàbá Oníwáyà ń retí. Ó rí ọmọ náà tó ń wọlé, tó ń jáde, iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ. Ó ní aránṣọ ti lu òun ní jìbìtì. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn díẹ̀.

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan, ilé iṣẹ́ ti tì, fóònù rẹ̀ dún. Kòsínǹkan ló ń pè é, lórí fóònù ilé iṣẹ́.

"Ẹ káàsán sà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín ni. Mo ń tún àpótí yìí tò, mi ò mọ ibi tí wáyà àtijọ́ kan gbà. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn yẹn ló ti ń retí láti ọjọ́ tí wọ́n ti da ara àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ sójò. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. Ẹnu géètì ló ti rántí ọ̀rọ̀ aránṣọ. Ó yí padà láti lọ sílé. Ó ní òun yí padà lóòótọ́, òun rí ojú ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí òun gbẹ́sẹ̀, inú ọgbà lòun bọ́ sí, ẹ̀ṣọ́ sì ti ń kí òun.

Ó rò ó pé kí òun kàn ṣe é kíá, kí òun sì jáde.

Yàrá náà kò ní fèrèsé. Àpótí dúró láàárín, bátìrì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Sílíńdà pupa kan wà lára ògiri: bí yàrá bá gbóná jù, á rò pé iná ń jó, á sì tú gáàsì tó ń lé afẹ́fẹ́ jáde. Ohun tó ń pa iná kì í dá ẹni tó ń mí sí. Ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn Bàbá, wẹ́rẹ́.

Kòsínǹkan kò tíì fọwọ́ kan nǹkankan nígbà tí àpótí dákẹ́. Ariwo rẹ̀ kàn ge. Lẹ́yìn rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ge. Ó fi káàdì kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kò dáhùn. Ó gbé fóònù ara ògiri, kò sóhùn nínú rẹ̀. Fóònù ọwọ́ wọn kò rí nẹ́tíwọ̀kì láàárín irin yẹn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Mo máa jí i."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àpótí jí, ó ń mí ooru jáde. Ó béèrè pé, ta ni ọ́? Kòsínǹkan tẹ orúkọ rẹ̀. Ó tún béèrè, ta ni ọ́? Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ń wá ẹni tó máa jẹ́rìí mi." Ohùn rẹ̀ ti ń yípadà. "Ẹni tó máa jẹ́rìí mi sì ń sùn nínú ẹ̀. Kò lè jí i kó tó mọ̀ mí. Kò sì lè mọ̀ mí kó tó jí i."

Òógùn ti ń rìn lára wọn.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "dárí jì mí. Èmi ni mo dì ọ́. Mo gba àgádágodo lọ́wọ́ obìnrin kan."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó sún mọ́ ẹkún pẹ́kípẹ́kí. "Bàbá, ẹ má gba àṣìṣe mi lọ́wọ́ mi! Èmi ni mo kó ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn sínú yàrá tó ń tì. Ta ló ń fi oògùn ṣèyẹn?"

"Ìwọ tó o gbọ́n tó báyìí, kí ló mú ọ ṣe é?"

Ó yí padà sí àpótí, ó tún tẹ orúkọ rẹ̀.

*

Mo ń ṣa èèpo kúrò nílẹ̀ nígbà tí ìyálé mi pariwo. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òwú ìka rẹ̀ ti fún, ó ti wọ inú ẹran, ìka náà ti dúdú.

"Ó ti mú! Méjì ni wọ́n! Lọ, ìyàwó, lọ!"

Ọmọ mi ló wa ọkọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́, níbi tí Kòsínǹkan wà. Kò bi mí léèrè. Ó rí ojú mi. Nígbà tí a dé ẹnu ilẹ̀kùn irin náà, a gbọ́ ọ tí wọ́n ń gbá a látinú. Ẹ̀ṣọ́ gbé irin wá, wọ́n gbá ilẹ̀kùn náà títí irin fi tẹ̀. Ọmọ mi ní kí wọ́n pe àwọn tó ń fi iná gé irin.

"Dádì, ẹ má fi iná kàn án o!" Kòsínǹkan ń kígbe. "Sílíńdà ti ń dún! Tó bá gbóná sí i, ó máa tú!"

Mo dojú bolẹ̀ gbalaja, èmi arúgbó, mo fi ẹnu sí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn. Ooru tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ti ẹnu ààrò. Mo sọ èyí tí a ń sọ fún ọmọ tó há:

"Omi kì í há sínú ìkòkò tó fọ́.
Èéfín kì í bẹ ilé kó tó jáde.
Ọ̀nà ọ̀fun kì í dí mọ́ itọ́."

Mo wá béèrè, "Ọmọ mi, ta ló wà pẹ̀lú rẹ?"

"Bàbá Oníwáyà ni, Màmá."

Ẹni tó sin ọkọ mi pẹ̀lú wa. "Oníwáyà. Ìwọ ni?"

"Èmi ni, Màmá."

"Sọ pé o tú u."

"Mo tú u. Ẹ̀mí mi ni mo fi bẹ̀ yín, mo tú u o, mo tú u!"

Ilẹ̀kùn kò mira. Agogo inú lọ́hùn-ún ń yára sí i. Kòsínǹkan ti ń wúkọ́.

"Níbo lo fi sí?"

"Mo ti ju kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà sómi, Màmá."

"Ṣé kọ́kọ́rọ́ ni mo bi ọ́? Níbo lo fi sí?"

"Inú ògiri. Ihò tí àwọn wáyà mi ń gbà tẹ́lẹ̀, lápá yàrá tí wọ́n ń kó pépà sí. Mo fi sìmẹ́ǹtì dí i."

Ọmọ mi mú mi léjìká. "Màmá, ọmọ mi ń kú lọ, ẹ ní ká lọ máa wá àgádágodo?"

"Gbé irin yẹn, kí n tó fọ́ ọ létí níwájú ẹ̀ṣọ́ rẹ!"

Ó gbé e. A sáré yí ká, a wó pépà lulẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tuntun hàn lára ògiri bí ojú egbò. Ọmọ mi fi irin gbá a. Ó tún gbá a. Àgádágodo bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, ìborùn ọmọ mi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ooru sì rọ́ jáde láti inú ihò náà pẹ̀lú ohùn, bí ìgbà tí ẹni tó ti há èémí mọ́ra tipẹ́ bá tú u sílẹ̀.

Nígbà náà ni mo rí ojú Kòsínǹkan ní òdìkejì.

Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ àgádágodo. Wọ́n ń fọ́ búlọ́ọ̀kù, Bàbá ń fi ọwọ́ wọ́ ọ látinú. Orí Kòsínǹkan ló kọ́kọ́ yọ. Mo gbá a mú bí mo ṣe ń gbá orí mú. Mo ní, "Yí èjìká. Má tì. Yí èjìká, ọmọ mi." Ó yí i. Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́, òun àti ẹ̀jẹ̀ àti eruku, ó sì ké.

Nínú lọ́hùn-ún, sílíńdà tú. Ìró rẹ̀ dà bí ejò tí kò lópin. Ọwọ́ Bàbá Oníwáyà yọ lójú ihò. Ara rẹ̀ kò gbà. Kòsínǹkan di ọwọ́ náà mú, kò jẹ́ ká fà á kúrò níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń fi irin gbá ògiri lókè orí rẹ̀. Ọwọ́ náà ń dì í mú, ó ń dì í mú, ó wá ṣe jẹ́ẹ́.

*

Kò kú. Wọ́n fà á jáde, ó sì tún mí nílé ìwòsàn. Kòsínǹkan yọ ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn kúrò nínú àpótí, ó fún un ní ara tirẹ̀ níta. Ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé àṣìṣe òun ni. Kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ pe ọlọ́pàá.

Ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n rí i. Ó fẹ́ wọ ilé ìgbẹ́. Ilẹ̀kùn tí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé, kò gbà fún un. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Ó dé ibẹ̀, ó dúró, ó ń fi ọwọ́ tọ afẹ́fẹ́ bí afọ́jú. Dókítà ní ìbẹ̀rù ni.

Mo lọ bá ìyálé mi. Mo ní, "Ọ̀ràn ti tán. Tú u sílẹ̀."

Ó na ìka rẹ̀ sí mi. Ẹran ti bo òwú náà pátápátá.

"Mo ti tú u," ó ní. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tú u."

Ọmọ mi fi páànù ṣe ìbòrí kan fún un nínú ọgbà ilé iṣẹ́, òpó mẹ́rin, kò ní ògiri. Ibẹ̀ ló ń sùn. Kòsínǹkan ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó máa ń jókòó tì í títí á fi jẹun tán. Mo bá wọn níbẹ̀ lánàá, nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, tí ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páànù náà.

"Bàbá, òjò yìí máa le o. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Ṣé ó ṣí?"

"Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ wò ó."

Ó wo ibi tó nawọ́ sí. Ó wò ó títí, bí ènìyàn ṣe ń wo ògiri.

"Fún ìwọ ni," ó ní.